Àìdọ́gba owó láwọn orílẹ̀-èdè olówó: kí ló dé tí àtẹ méjì ń ta ko ara wọn?

Kòyémi
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ gbà mí. Mo ń kọ iṣẹ́ kan lórí bí owó tó ń wọlé fáwọn èèyàn ṣe yàtọ̀ síra láwọn orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, mo sì rí àtẹ méjì, OECD, ìyẹn àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó para pọ̀ dá sílẹ̀, ló ṣe méjèèjì. Nínú tàkọ́kọ́, òṣùwọ̀n Gini ti Amẹ́ríkà, ti Jámánì àti ti Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gbogbo wọn ń lọ bí 0.50. Nínú tèkejì, Amẹ́ríkà wà ní bí 0.39, Jámánì bí 0.30, Faransé bí 0.29. Ọdún wọn ò sì jìnnà síra.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Corrado Gini, ará Ítálì, ló gbé òṣùwọ̀n yìí jáde ní 1912. Tó bá jẹ́ 0, iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà. Tó bá jẹ́ 1, ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo owó lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Òǹṣirò
Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Àtẹ àkọ́kọ́ ń wo owó kí ìjọba tó fọwọ́ kàn án: owó oṣù, èrè òwò, owó ilé tí wọ́n fi háyà, èlé orí owó. Àtẹ kejì ń wo ohun tó kù sọ́wọ́ ìdílé lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó orí, tí wọ́n sì ti gba owó ìfẹ̀yìntì, owó ìtọ́jú ọmọ, owó tí wọ́n ń fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti 0.50 wá sí 0.30, iṣẹ́ ìjọba Jámánì nìyẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ń ṣe é, àmọ́ ó dúró ní 0.39. Ẹ tún wo Áyálándì: kí wọ́n tó yọ owó orí, ó wà lára àwọn tí àìdọ́gba wọn ga jù ní Yúróòpù. Lẹ́yìn owó orí àti owó ìrànwọ́, ó ti bọ́ sí àárín àwọn yòókù.

Alátakò
Ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn! Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Àwọn kan kàn gbà kí ìjọba máa gba ti olówó fún aláìní ni. Kòyémi, ẹ di àtẹ àkọ́kọ́ mú, ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Gbogbo ariwo "Amẹ́ríkà burú, Yúróòpù dáa" yẹn, ọ̀rọ̀ owó orí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojúlówó
Alátakò, ẹ rọra ná. Àtẹ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé méjì tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan ní Paris, ọ̀kan ní Chicago. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo owó tí ti Paris ń gbà ló ń tọ̀dọ̀ ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba wá. Nínú àtẹ àkọ́kọ́, wọn ò ka owó ìjọba, nítorí náà òdo ni wọ́n máa kọ síwájú rẹ̀, bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun yó, ó sì ń sanwó ilé. Ti Chicago ń gba Social Security, ti ìjọba nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó tún ní owó tó kó pa mọ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ ogbó, ìyẹn sì wọ àtẹ àkọ́kọ́. Ìgbé ayé àwọn méjèèjì lè jọra wọn dáadáa, síbẹ̀ nínú àtẹ yẹn ọ̀kan jẹ́ tálákà paraku, èkejì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi iye àwọn arúgbó tó wà ní Faransé, ní Jámánì, ní Ítálì sọ ọ́ di púpọ̀. Apá ńlá nínú "àìdọ́gba" tí ìjọba Faransé ń tún ṣe jẹ́ owó tí òṣìṣẹ́ san sínú ètò nígbà tó lágbára, tí wọ́n wá ń dá padà fún un lọ́jọ́ alẹ́. Ti olówó sí aláìní kọ́ nìyẹn, ti èwe ẹni sí ogbó ẹni ni.

Òǹṣirò
Kò burú rárá, Ojúlówó. Kòyémi, ẹ mú ti àwọn ẹni ọdún 18 sí 65 nìkan, OECD ní in lọ́tọ̀. Nígbà náà, àlàfo á ti hàn láàárín Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù kí owó orí tiẹ̀ tó dé. Ó já sí pé ọjà tí wọ́n ń ná kò jọra, Alátakò.

Kòyémi
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ti ìdílé ni. Owó oṣù gan-an ńkọ́? Ohun tí agbanisíṣẹ́ kà sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́?

Amòye_Òru
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Ẹ fi Gini sílẹ̀ ná. Ẹ to 100 òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún sórí ìlà, látorí ẹni tówó rẹ̀ kéré jù dé ẹni tó ń gbà jù. Ẹ pe ẹni kẹwàá jáde, ẹ pe ẹni àádọ́rùn-ún náà jáde, kí ẹ wá wo ìlọ́po mélòó owó tàkọ́kọ́ ni tèkejì.

Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 5. Ní Jámánì, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 3. Ní Swídìn, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 2. Owó orí kò tíì wọ ọ̀rọ̀ níbí o, owó ìrànwọ́ kò tíì dé. Ibi iṣẹ́ nìyàtọ̀ náà ti wá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ẹni tó wà láàárín gan-an. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lé ní 20 nínú 100. Ní Dẹ́nmáàkì, wọn ò tó 10.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ kú làákàyè o. Mo gbọ́ pé Swídìn àti Dẹ́nmáàkì kò ní òfin kankan tó sọ iye owó oṣù tó kéré jù. Ta ló wá ń dá agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́? Èmi ò rò pé ojú àánú ni wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ wọn.

Amòye_Òru
Ojú àánú kọ́ rárá, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ ni pé wọn ò ní òfin bẹ́ẹ̀. Nọ́wè, Fínlándì, Ọ́stríà àti Ítálì náà ò ní in. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Ní Swídìn, òṣìṣẹ́ tó ju méjì nínú mẹ́ta lọ ló wà nínú ẹgbẹ́, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá sì fọwọ́ sí kan nǹkan bí 9 nínú òṣìṣẹ́ 10.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Láti 1997, àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fún òkèèrè ló máa ń kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́: àwọn tó ń ṣe irin, ọkọ̀, bébà, ẹ̀rọ. Iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni wọ́n ń pè ní *märket*. Ní 2023, ó jẹ́ ẹ̀kún ìdá 7.4 nínú 100 fún ọdún méjì. Ní 2025, ó jẹ́ ìdá 6.4, fún ọdún méjì náà. Lẹ́yìn wọn ni nọ́ọ̀sì, olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ á tó wá jókòó tiwọn, iye yẹn sì ni gbogbo wọn máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá òkèèrè díje ni wọ́n fi ṣíwájú kí owó oṣù má bàa ga ju ohun tí ọjà òkèèrè lè gbé lọ.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Gösta Rehn àti Rudolf Meidner, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ LO, ló gbé e kalẹ̀ ní 1951. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà kó gba owó kan náà, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń jèrè ló wà tàbí èyí tó ń tiro. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè san iye yẹn, kó lọ tìlẹ̀kùn. Ìjọba á kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ mìíràn, á sì bá wọn wá ibi tí wọ́n á ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó lágbára, tí ì bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi ìyókù gbòòrò sí i. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà le: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbà kí ilé iṣẹ́ kú. Ẹni tó bá ń pe èyí ní ojú àánú kò tíì kà á dáadáa.

Alátakò
Kò burú, mo gbà ti Swídìn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é, Faransé ńkọ́? Ẹni bíi 10 péré nínú òṣìṣẹ́ 100 ló wà nínú ẹgbẹ́ níbẹ̀. Kò yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà. Kí ló dé tí àlàfo owó oṣù wọn kò wá rí bíi ti Amẹ́ríkà?

Ojúlówó
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní Faransé, iye ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ lẹ ó kà. Tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ àti ti agbanisíṣẹ́ bá ti ṣe àdéhùn fún odindi ẹ̀ka iṣẹ́ kan, mínísítà lè fi àṣẹ nà án kan gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà ní ẹ̀ka náà, yálà wọ́n wà nídìí àdéhùn tàbí wọn ò sí. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi ń bo òṣìṣẹ́ tó ju 9 nínú 10 lọ, bí ẹgbẹ́ tiẹ̀ kéré. Ní Ọ́stríà, ọ̀nà tiwọn ni pé òfin sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo agbanisíṣẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà, nítorí náà ohun tí ẹgbẹ́ náà bá fọwọ́ sí ti di gbogbo wọn mú.

Amẹ́ríkà ò ní irú rẹ̀. Lábẹ́ òfin wọn ti 1935, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá wọlé níhìn-ín kò ran ilé iṣẹ́ tó wà lódìkejì títì lọ́wọ́. Ní 1983, 20.1 nínú òṣìṣẹ́ 100 ló wà nínú ẹgbẹ́. Ní 2024, ó ti di 9.9. Òdiwọ̀n Amẹ́ríkà ò jìnnà sí ti Faransé báyìí, àmọ́ Faransé ní àṣẹ mínísítà lẹ́yìn, Amẹ́ríkà kò ní.

Ìyá_Ìbejì
Jámánì wá ńkọ́? Èmi rò pé òfin owó oṣù wọn ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Òǹṣirò
Rárá o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, 8.50 yúró fún wákàtí kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ ni àdéhùn ẹ̀ka iṣẹ́ bíi ti Swídìn. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 ni ó ti ń jò: ilé iṣẹ́ ń yọra kúrò nínú àdéhùn, àwọn àdéhùn fúnra wọn ń fàyè gba kí oníkálukú ya díẹ̀ sọ́tọ̀. Láàárín 2003 sí 2005, àwọn àtúnṣe òfin iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hartz tún fẹ ààyè fún *minijob*, iṣẹ́ kékeré tówó rẹ̀ kéré tí owó orí ò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, àìríṣẹ́ṣe lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, tí Amòye ní ká tò, jìn sísàlẹ̀.

Nígbà tí 8.50 náà dé, àwọn kan sọ pé iṣẹ́ máa bà jẹ́ rẹpẹtẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Christian Dustmann, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò nílé iṣẹ́ kéékèèké tí kò lè san án, wọ́n lọ sí èyí tó tóbi tó sì ń sanwó dáadáa. Ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n sọ ọ́ di 12 yúró. Ní 2025, ó di 12.82.

Ẹ fi wé Amẹ́ríkà: 7.25 dọ́là ni ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ láti oṣù keje 2009, wọn ò tíì fi kọ́bọ̀ kún un. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣe tiwọn. Ní 2025, ìpínlẹ̀ Washington ń san 16.66, àwọn kan ní gúúsù ṣì wà lórí 7.25.

Amòye_Òru
Kí n dá nǹkan kan sí i kó tó bọ́ lọ́kàn mi. Kòyémi, ẹ má rò pé tí owó oṣù bá ti sún mọ́ra, owó ìdílé náà á sún mọ́ra. Ẹ wo Ítálì. Àlàfo owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún níbẹ̀ kò jìnnà sí ti Swídìn. Ṣùgbọ́n Gini owó tó kù sọ́wọ́ ìdílé wọn wà ní bí 0.33, tí ti Swídìn wà ní bí 0.28.

Ìlà tí a tò yẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ní Ítálì, iye àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ wà lára èyí tó kéré jù ní Yúróòpù, pàápàá jù lọ ní gúúsù ilẹ̀ náà, iṣẹ́ àdáni sì pọ̀. Ìdílé tí èèyàn méjì ti ń gba owó oṣù ní Milan, àti ìdílé tí ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbà-díẹ̀ ní Calabria, kò sí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè mú wọn dọ́gba.

Alátakò
Ẹ ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ o, àmọ́ mo ṣì wà níbí. Ìbéèrè mi rèé. Ẹni tó wà láàárín gan-an ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn owó orí, lẹ́yìn tí a ti ṣírò iye tí owó lè rà, ó ní ju ẹni àárín Jámánì, ti Faransé, ti Bìrìtéènì àti ti Jàpáánì lọ. Ẹ ò lè jiyàn ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé olówó wọn lówó jù, tí ẹni àárín wọn náà sì lówó ju ẹni àárín yín, kí ni mo fẹ́ fi àlàfo ṣe?

Òǹṣirò
Mi ò jiyàn rẹ̀, òótọ́ ni. Luxembourg Income Study, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 láti mú ìṣirò ìdílé oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá sórí ìwọ̀n kan náà, jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rìn sísàlẹ̀ lórí ìlà kan náà. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá látìsàlẹ̀, ti Nọ́wè ti ju ti Amẹ́ríkà lọ, bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó wọlé fún gbogbo ìlú, Amẹ́ríkà ò tòṣì. Ibi tí àlàfo ti ń jẹun nìyẹn.

Nǹkan méjì tún wà tí iye owó kì í fi hàn. Wákàtí: ìpíndọ́gba ti Amẹ́ríkà ń lọ bí 1,800 lọ́dún, ti Jámánì ń lọ bí 1,340, apá kan nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdajì àkókò. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n á sanwó rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ kan. Èkejì ni ilé ìwòsàn àti yunifásítì. Ohun tí ará Dẹ́nmáàkì rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí nínú owó tó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ará Amẹ́ríkà fi san owó ìwòsàn ṣì wà nínú tirẹ̀.

Alátakò
Wákàtí yẹn, ẹ ti rí mi mú. Ti ilé ìwòsàn, mo gbà á ní ìdajì. Ètò ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀ fún àwọn arúgbó àtàwọn tálákà, Medicare àti Medicaid, owó wọn ò sì kéré. Ẹ ò ka ìyẹn náà.

Òǹṣirò
Ẹ jàre. Kò sí nínú àtẹ lóòótọ́.

Kòyémi
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orí òkè ìlà wá ńkọ́? Gbogbo ibi ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ "ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún".

Ojúlówó
Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Thomas Piketty, Emmanuel Saez, Gabriel Zucman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní pé ní 1980, ẹni 1 tó lówó jù nínú 100 ń kó nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 gbogbo owó tó ń wọlé kí owó orí tó dé, ní Amẹ́ríkà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di 2016, ti Yúróòpù ti di bí 12, ti Amẹ́ríkà bí 20. Ibi kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, ọjà àgbáyé kan náà. Nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló fà á ní láti sọ fún wa ìdí tí kọ̀ǹpútà fi yan Amẹ́ríkà láàyò.

Gerald Auten àti David Splinter, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ owó orí nídìí iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kò gbà. Wọ́n ní lẹ́yìn owó orí àti owó ìrànwọ́, ìpín àwọn wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti àwọn ọdún 1960. Data kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń lò o! Kókó ìjà náà ni owó tí ìwé owó orí kò fi hàn: ta lẹ máa gbé e fún? Tí ẹ bá gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún olówó, àlàfo á fẹ̀. Tí ẹ bá tàn án ká, kò ní fẹ̀.

Èkejì ni òfin owó orí ti 1986. Wọ́n gé ti ènìyàn wálẹ̀ títí ó fi kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ: ti ènìyàn 28 nínú 100, ti ilé iṣẹ́ 34. Kíá, ọ̀pọ̀ oníṣòwò yí ilé iṣẹ́ wọn padà sí irú èyí tí èrè rẹ̀ ń gba inú ìwé owó orí ẹni tó ni ín. Owó tó ti wà látẹ̀yìn wá, tí kò hàn tẹ́lẹ̀, wá hàn lójijì lórí olówó. Apá kan nínú "ìfòsókè" ìgbà yẹn, ìwé ló fò, owó ò fò. Èmi gbà pé àlàfo fẹ̀ lóòótọ́, kì í kàn ṣe bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ tó.

Amòye_Òru
Ẹ̀rí bí òfin owó orí ṣe ń yí òṣùwọ̀n dà, Nọ́wè ló ni í jù. Wọ́n kéde pé láti 2006, olówó tó bá gba èrè ìpín rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ máa san owó orí lórí rẹ̀. Kí làwọn olówó ṣe? Ní 2005, wọ́n kó èrè jáde bí ẹni tí ilé ń jó. Gini Nọ́wè fò sókè lọ́dún yẹn. Ní 2006, wọ́n fi èrè wọn sílẹ̀ sínú ilé iṣẹ́, Gini já wálẹ̀ gìdìgbà. Ẹni tó bá mú 2005 àti 2006 nìkan wé ara wọn á sọ pé Nọ́wè di ọ̀kan lára orílẹ̀-èdè tó dọ́gba jù láyé láàárín oṣù méjìlá. Kò sí olówó kankan tó tòṣì.

Ìyá_Ìbejì
Haa! Ọlọ́gbọ́n pọ̀ láyé.

Owó àwọn ọ̀gá pátápátá ńkọ́? Mo rí iye kan tó dẹ́rù bà mí.

Ojúlówó
Ẹ ti rí ti Economic Policy Institute nìyẹn, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣírò pé láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà, ọ̀gá àgbà ń gba ìlọ́po 21 owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1965. Ní 2023, ó ti di ìlọ́po 290. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìpín nínú ilé iṣẹ́, nítorí náà ó ń bá ọjà ìpín gòkè, ó ń bá a sọ̀.

Amòye_Òru
Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń gbé Swídìn gẹ̀gẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bà á jẹ́ díẹ̀. Owó oṣù wọn sún mọ́ra, dúkìá wọn kò sún mọ́ra rárá. Wọ́n fagi lé owó orí ogún ní 2004, wọ́n fagi lé owó orí dúkìá ní 2007. Ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba tó lágbára náà ń mú kí ẹni àárín má fi bẹ́ẹ̀ kó owó jọ fúnra rẹ̀. Àìdọ́gba dúkìá wọn wà lára àwọn tó ga jù ní Yúróòpù. Kódà owó tó kù sọ́wọ́ ìdílé kò dọ́gba bíi ti àwọn ọdún 1980 mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí orílẹ̀-èdè olówó tí Gini rẹ̀ kéré jù lọ lónìí, kó lọ wo Slòfákíà, Slofíníà àti Ṣẹ́ẹ̀kì, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ.

Kòyémi
Jàpáánì àti Kòríà Gúúsù?

Òǹṣirò
Méjèèjì sún mọ́ 0.33, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dun wọ́n yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ní Jàpáánì, ìlà tó pín òṣìṣẹ́ ni ti ẹni tó ní iṣẹ́ títí lọ àti ẹni tí kò ní. Òṣìṣẹ́ tó ju ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ wà lẹ́nu iṣẹ́ àìdúrósójú-kan, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. *Shuntō*, ìjókòó owó oṣù ìgbà ìrúwé tí wọ́n ti ń ṣe láti 1955, mú ẹ̀kún tó lé ní ìdá 5 nínú 100 wá ní 2024, ọdún 33 ló ti ṣe tí irú rẹ̀ ti wáyé gbẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló kọ́kọ́ jàǹfààní.

Ní Kòríà, àlàfo láàárín owó oṣù ọkùnrin àti ti obìnrin ń lọ bí ìdá 30 nínú 100, òun ló ga jù nínú gbogbo OECD. Àwọn arúgbó sì ń jìyà: bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló wà lábẹ́ ìlà òṣì, nítorí ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1988, ọ̀pọ̀ wọn kò sanwó sínú rẹ̀ pẹ́ tó.

Kòyémi
Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ fa ìlà láti 1980 wá títí di òní fún Bìrìtéènì. Ṣé kí n so nọ́ńbà OECD pọ̀ ni?

Òǹṣirò
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. OECD yí ọ̀nà tó ń gbà ka owó tó ń wọlé padà ní 2012. Tí ẹ bá so tàtijọ́ mọ́ tuntun, ẹ máa rí àkàsọ̀ kan tí kò sí. Ẹ lo ti Luxembourg tàbí ti iléeṣẹ́ ìṣirò Bìrìtéènì fúnra rẹ̀.

Ìtàn Bìrìtéènì kò tiẹ̀ le. Ní 1979, Gini wọn wà ní bí 0.25, wọ́n sún mọ́ Swídìn dáadáa. Nígbà tó fi máa di 1990, ó ti di bí 0.34. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, owó orí tó ga jù lórí owó iṣẹ́ já láti 83 nínú 100 sí 60, ó tún já sí 40 ní 1988; òfin gé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ilé ìwakùsà àti ilé ìrọrin ń tì. Owó oṣù tó kéré jù dé ní 1999, 3.60 pọ́n-ùn fún wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin 2025, ó ti di 12.21. Ìyẹn gbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìlà owó oṣù sókè gidi, ẹ ó rí i nínú ìṣirò Amòye. Nínú Gini ìdílé, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ní rí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó tòṣì jù níbẹ̀ kò ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún.